Kíkà Yàtọ̀ sí Àtúnṣe

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun. Ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì Muhammad.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí Ọ̀fà, bí jàmáà bá kó orúkọ àwọn tí sàká tọ́ sí sínú kọ̀ǹpútà, tí gbogbo ìgbìmọ̀ ń fi ọ̀rọ̀ àṣírí kan ṣoṣo wọlé, orúkọ ọmọ òrukàn lè pòórá níbẹ̀. Ta ni a ó bi?

Lẹ́yìn ogun Yamama, Khalifa Abubakar yan Zayd ọmọ Thabit láti kó Al-Kùránì jọ. Ojúlówó náà kọjá sọ́wọ́ Umar, ó sì dé ọ̀dọ̀ Hafsa, ìyàwó Ànábì. Uthman yá a lọ́wọ́ rẹ̀, ènìyàn mẹ́rin péré ni ó yàn láti ṣe àdàkọ rẹ̀. Ó dá a padà, ó fi àdàkọ ránṣẹ́ sí àwọn ìlú. Gbogbo ènìyàn ń kà. Kálámù kò kárí.

Kí olúkúlùkù ní orúkọ tí yóò fi wọlé kàwé láìlè yí lẹ́tà kan padà. Akọ̀wé méjì ni kí ó ní àṣẹ àtúnṣe, kí ẹ̀rọ sì máa kọ orúkọ ẹni tí ó ṣe é àti àkókò sílẹ̀. Bí akọ̀wé bá fẹ́ wo nǹkan lásán, àṣẹ kíkà ni kí òun náà lò. Ọwọ́ olódodo a máa ṣì. Kí alága má sì bínú pé kíkà nìkan ni tirẹ̀: Uthman, tí í ṣe Khalifa, yíyá ni ó yá a.