Omi Tó Mọ́ Lójú, Ṣé Ó Dára Lẹ́nu?

Ọ̀rọ̀ omi la gbé wá lónìí: omi kànga dẹ̀rọ tí àwa ará Ajégúnlẹ̀ àti Àpápá ń lò, èyí táwọn mẹ́rúwà ń tà ní kẹ́ẹ̀gì.

Ẹ wo ọsàn wẹ́wẹ́. Ó kan, torí ásíìdì wà nínú ẹ̀. Kánún ní tiẹ̀ jẹ́ òdìkejì ásíìdì. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ ibi tí omi wà láàárín àwọn méjèèjì ni pH, tí Sørensen, ará Denmark, gbé jáde lọ́dún 1909. 7 ni àárín. Tó bá wálẹ̀ sí 6, agbára ásíìdì ti di ìlọ́po mẹ́wàá. Tó bá di 5, ó di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún.

Ìlànà omi mímu Nàìjíríà ní kó wà láàárín 6.5 sí 8.5. Àmọ́ omi abẹ́ ilẹ̀ Èkó sábà máa ń kéré sí 6.5. Òjò ń kó carbon dioxide látinú afẹ́fẹ́, ilẹ̀ tún ń fi kún un, iyanrìn wa kò sì ní irú òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì ní Ewékorò, èyí tí ì bá pa ásíìdì náà.

Ṣé ásíìdì yẹn ló ń ṣe wá níbi? Rárá, ti ọsàn wẹ́wẹ́ jù ú lọ fíìfíì. Páìpù ló ń jẹ. Tó bá jẹ irin, omi á pọ́n, ẹ ó rí i. Tó bá jẹ òjé tó wà lójú ibi tí wọ́n jó páìpù pọ̀ tàbí lẹ́nu ẹ̀rọ, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Òjé yẹn sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́.

Ọ̀pọ̀ wa máa ń da álọ́ọ̀mù sí i. Lóòótọ́, ìdọ̀tí á sílẹ̀, omi á mọ́ gaara. Ṣùgbọ́n álọ́ọ̀mù tún ń fi kún ásíìdì ni, kò sì ṣe é gbára lé láti yọ òjé. Ẹ sè é títí, òjé ò ní lọ.

Kí ni ṣíṣe? Omi tó bá kọ́kọ́ jáde láàárọ̀, ẹ fi fọ ilẹ̀, ẹ má mu ún. Ẹ̀yin onílé, ẹ yẹ pH omi yín wò, ẹ fi páìpù oníke rọ́pò èyí tó ti dípẹtà. Ẹ̀yin ayálégbé, ẹ bi wọ́n léèrè. Owó yín náà ni.