Ẹ̀wà Inú Ìkòkò Wa
(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé sọ níwájú ẹgbẹ́ ní Ìlú Bìní)

Ẹ̀yin ará òkè Ọya tí ẹ ó ka ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé wa, ó kàn yín jù, nítorí ọ̀dọ̀ yín ni ẹ̀wà ti ń wọkọ̀ wá bá wa.

Olóyin kì í pẹ́ jinná, ó sì dùn; òun ni kí ẹ sè jẹ. Funfun olójú dúdú ni kí ẹ bó fún àkàrà àti mọ́ínmọ́ín. Sèsé le, ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, kí ẹ da omi náà nù. Ti òtìlí, aláìnísùúrù kò gbọdọ̀ gbé e kaná!

Ohun tó gbé mi dìde nìyí. Lọ́dún tó kọjá, mo ra àpò ẹ̀wà kan láìgbọ́ òórùn rẹ̀ wò. Ìyá kan dá kóńgò kan padà, ó ní òórùn oògùn kòkòrò ń jáde nínú ìkòkò òun. Ojú tì mí. Mo gbẹ́ ilẹ̀, mo bo gbogbo àpò náà mọ́lẹ̀. Nítorí irú oògùn bẹ́ẹ̀, dichlorvos, ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà ní 2015. Fífọ̀ nìkan kò lè mú un kúrò tán.

Ẹ̀yin oníṣòwò wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sá ẹ̀wà kó gbẹ dáadáa, ẹ rọ ọ́ kún kẹ́ẹ̀gì dé ẹnu, kí ẹ dé e pinpin. Kòkòrò tí kò rí afẹ́fẹ́ mí yóò kú. Èyí tí mo dé ní oṣù Kejìlá, mo ṣí i lánàá. Kòkòrò kò jẹ ẹyọ kan.