Ẹ Dán Bíréèkì Wò Ná

Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ológeere la gbé wá. Ohun kan ni kẹ́ ẹ fi sọ́kàn: ẹ dán bíréèkì wò kẹ́ ẹ tó gun kẹ̀kẹ́. Mo tún un sọ, ẹ dán bíréèkì wò ná.

Báwo la ṣe ń dán an wò? Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́. Ẹ fún ọwọ́ bíréèkì iwájú pọ̀, kẹ́ ẹ wá ti kẹ̀kẹ́ síwájú. Bí táyà iwájú bá ṣì ń yí, ẹ má gùn ún. Ẹ dán tẹ̀yìn náà wò. Ẹ wo rọ́bà kékeré tó ń di ríìmù mú. Bó bá ti jẹ tán, irin ni yóò máa ha irin. Rọ́bà yẹn ò wọ́n. Egungun ẹsẹ̀ ló wọ́n.

Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ táyà. Bó bá rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù, ẹ fún un ní atẹ́gùn.

Ṣéènì ńkọ́? Ẹ fi àkísà nu eruku rẹ̀ kẹ́ ẹ tó kán ọ́ìlì sí i. Àwọn kan ń da ọ́ìlì lé eruku lórí. Ẹrẹ̀ ni wọ́n ń pò. Ọ́ìlì ò sì gbọdọ̀ kan ríìmù o, bíréèkì ò ní mú mọ́.

Lójú títì, ọwọ́ ọ̀tún ni tiwa ní Nàìjíríà. Ẹ má kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Lálẹ́, iná funfun níwájú, pupa lẹ́yìn.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, kọ́mọ yín tó gbé kẹ̀kẹ́ jáde lónìí, ẹ ní kó dán bíréèkì wò lójú yín.