IRIN TÓ BÁ ỌWỌ́ RẸ MU
Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa ní Ọ̀rà

 

Ní ìpàdé tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta láàárín wa béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ó dára kí àwọn yá owó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù láti fi ra irin gọ́ọ̀fù. Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní eré ọ̀gá ni. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ọmọ òṣìṣẹ́ ló ń gbé àpò irin náà káàkiri pápá. Ta ló wá ní kí ó má gbá a? Ohun tó kàn mí ni pé owó oṣù wa kò tó èyí tí a lè fi ra ohun tí kò bá ara wa mu. Ìdí nìyí tí mo fi dìde lónìí.

A kò ní pápá gọ́ọ̀fù ní Ọ̀rà. Ẹni tó bá fẹ́ rí i yóò lọ sí Ìbàdàn, níbi tí IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, ti ní pápá oníhò 9; tàbí kí ó dé Èkó, ní Ikoyi Club 1938, tí tiwọn jẹ́ oníhò 18. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí a fi ń yan irin yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Ta ni nínú yín tó máa gbé ọkọ́ àgbà ọkùnrin fún ọmọ ọdún mẹ́wàá pé kó lọ kọ ebè? Bí igi ọkọ́ bá gùn jù, apá ni yóò ro ọmọ náà. Bó bá kúrú jù, ẹ̀yìn ni yóò máa dùn ún. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara mi. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo gbé àpò irin fún àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù. Nígbà tí mo dàgbà, tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà, mo ra irin òkìrìkà lọ́wọ́ ẹnì kan. Ó ń dán, owó rẹ̀ sì rọjú. Mo rí lẹ́tà S lára ọ̀pá rẹ̀, n kò bìkítà. Bọ́ọ̀lù mi kàn ń fò nílẹ̀-nílẹ̀, ó sì ń yà sí ọ̀tún. Mo rò pé agbára mi ni kò tó, mo túbọ̀ ń fi ipá gbá a. Kò pẹ́ tí ìgbọ̀nwọ́ mi fi wú. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni n kò lè di òòlù mú, ofatáìmù oṣù náà sì bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin ará, ọwọ́ yìí la fi ń jẹun. Eré kò gbọdọ̀ gbà á lọ́wọ́ wa.

Nítorí náà, ẹ fetí sí nǹkan márùn-ún yìí.

Èkíní, gígùn. Ẹ wọ bàtà, ẹ dúró ṣánṣán, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ rọlẹ̀, kí ẹlòmíràn fi téèpù wọn ibi ọrùn ọwọ́ yín dé ilẹ̀. Bó bá wà láàárín íńṣì 34 sí 37, gígùn tí wọ́n ń tà lọ́jà sábà máa ń tó. Ẹ má wo gíga nìkan. Ènìyàn méjì lè ga dọ́gba kí apá ọ̀kan gùn ju ti èkejì lọ.

Èkejì, líle ọ̀pá. Láyé àtijọ́, igi ni ọ̀pá gọ́ọ̀fù. Ní 1929 ni àwọn aláṣẹ eré náà ní St Andrews, ní Skọ́tíláǹdì, fọwọ́ sí ọ̀pá irin. Lónìí, lẹ́tà la fi ń mọ bí ọ̀pá ṣe le tó. Bí ẹ bá rí ẹ̀rọ tó ń wọn ìyára, ẹ fi dráífà, igi tó gùn jù lọ nínú àpò, gbá bọ́ọ̀lù níwájú rẹ̀. Bí ìyára orí igi náà kò bá tó máìlì 75 ní wákàtí kan, L ló bá yín mu. 75 sí 85, A. 85 sí 95, R. 95 sí 105, S. Ohun tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, X. Kì í ṣe òfin o, nítorí R iléeṣẹ́ kan lè le bí S ti òmíràn. Ọ̀pá tó le jù máa ń mú kí bọ́ọ̀lù ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbá a fò nílẹ̀, kó sì yà sí ọ̀tún. Èyí tó rọ̀ jù máa ń gbé e sókè, á sì fà á sí òsì. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín láti mú A tàbí L. Ọ̀pá kò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin. Ìyára ọwọ́ ló mọ̀. Ẹni tí ìgbọ̀nwọ́ bá ń dùn, kó dán ọ̀pá graphite wò, ó fúyẹ́ ju irin lọ.

Ẹ̀kẹta, orí irin. Ẹnjiníà kan tí wọ́n bí ní Nọ́wè, Karsten Solheim, òṣìṣẹ́ General Electric ní Amẹ́ríkà, ló dá PING sílẹ̀ ní 1959 nínú gáréèjì ilé rẹ̀. Ó kó ìwúwo irin lọ sí etí rẹ̀ yípo, kí orí irin má baà yí bí bọ́ọ̀lù kò bá bá àárín rẹ̀. Ẹ̀yin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, irin tí wọ́n gbẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ báyìí ni kí ẹ rà. Ẹ fi èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ kún pẹlẹbẹ sílẹ̀ fún àwọn ògbógi.

Ẹ̀kẹrin, bí irin ṣe jókòó sílẹ̀. Ẹ lẹ téèpù mọ́ abẹ́ rẹ̀, kí ẹ gbá bọ́ọ̀lù lórí pátákó. Bí àpá bá wà ní ìdí irin, lẹ́bàá ọ̀pá, ó nàró jù fún yín. Bó bá wà ní ṣóńṣó orí rẹ̀, ó dùbúlẹ̀ jù. Wọ́n lè tẹ púpọ̀ nínú wọn kó bá yín mu.

Ẹ̀karùn-ún, ibi ìdìmú. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbà kò wọ kèrèǹgbè. Bó bá tóbi jù tàbí kéré jù, ẹ pààrọ̀ rọ́bà rẹ̀. Owó rẹ̀ kò tó ti irin tuntun.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ mẹ́ta, òfin eré ní kí irin inú àpò má ju 14 lọ. Kò ní kí ẹ kó 14 pé. Méje tó bá yín mu ju mẹ́rìnlá tó ń ṣeni léṣe lọ. Kí olúkúlùkù wọn ara rẹ̀, nítorí apá yín kò dọ́gba. Ẹ kọ́kọ́ yá irin gbá, kí ẹ tó yá owó rà á. Bí ẹ bá ti ṣe èyí, èmi fúnra mi yóò fọwọ́ sí ìwé ẹ̀yáwó yín.

Ẹgbẹ́ wa kò ní tú o.