Ẹ Má Gba Ọkọ́ Lọ́wọ́ Olóko

Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń jáde lónìí, ẹ kú oríire.

Nígbà tí a ní kí ẹ lọ kọ́ṣẹ́ wẹ́fíà nínú ọgbà ẹ̀fọ́ àdúgbò, àwọn kan nínú yín ráhùn pé, "Ṣé oko la wá kọ́ ní yunifásítì ni?" Àmọ́ ọgbà kì í ṣe àjèjì sí ìrànlọ́wọ́. Lọ́dún 1894, nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀, Hazen Pingree, olórí ìlú Detroit, wá ilẹ̀ tó ṣófo fún àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Wọ́n gbin pòtétò síbẹ̀, wọ́n fi bọ́ ìdílé wọn. Ẹni ebi ń pa kì í gbọ́ ìwàásù.

Nínú ọgbà, kò sí tábìlì láàárín yín àti ẹni tí ẹ lọ ràn lọ́wọ́. Ìyá tí ì bá dákẹ́ rọ́rọ́ ní ọ́fíìsì, bó bá ń já tẹ̀tẹ̀, tójú rẹ̀ wà nílẹ̀, á sọ̀rọ̀: owó ilé ìwé ò sí, bàbá ọmọ ò wálé mọ́. Òun kan náà ló kọ́ yín pé kí ẹ po irúgbìn tẹ̀tẹ̀ mọ́ yanrìn kí ẹ tó fọ́n ọn, kó má baà ṣùjọ sójú kan.

Ẹ rántí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ibi tí àwọn ará àdúgbò ti pín omi pípọn láàárín ara wọn, ewé ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ lọ. Ibi tí ẹ̀yin nìkan ti ń pọn ọ́n, ó gbẹ. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ má gba ọkọ́ lọ́wọ́ olóko. Ẹ bi í léèrè kí ẹ tó gbà á nímọ̀ràn.

Òfin ọdún 2022 ti dá ìgbìmọ̀ tí yóò máa bójú tó iṣẹ́ wẹ́fíà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, kì í ṣe iṣẹ́ àánú lásán mọ́. Nítorí náà, ohun tí ẹ bá gbọ́ lórí ebè kò gbọdọ̀ dé ọjà. Bí ọ̀rọ̀ bá sì ju agbára yín lọ, bí i ti obìnrin tí wọ́n ń lù nílé, ẹ tètè mú un dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ẹ̀fọ́ ò lè ṣiṣẹ́ dókítà tàbí ti kóòtù.

Ẹ máa lọ ire. Kí Olódùmarè ṣọ́ ìdúró àti ìrìn yín. Kí owó oṣù yín máa wọlé lásìkò. Ẹ ó ṣe é ire o.