Afala, Ìyá Àjàyí

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Àgbádárìgì)

 

Iṣẹ́ tí ẹ rán mi ni pé kí n sọ ìtàn obìnrin kan tí ó pẹ́ láyé, tí ó sì fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe ti ẹbí àti ti ìlú. Orúkọ tí ó kọ́kọ́ bọ́ sí ẹnu ọ̀pọ̀ ènìyàn tí mo fi ọ̀ràn náà lọ̀ ni ti Ẹfúnróyè Tinúubú, ẹni tí ó ṣòwò ní Àgbádárìgì yìí kí òkìkí rẹ̀ tó kàn ní Èkó, tí ó sì di Ìyálóde Ẹ̀gbá ní ọdún 1864. Ẹni ńlá ni, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n Tinúubú kò ṣe aláìní ẹni tí yóò sọ ìtàn rẹ̀. Gbàgede kan láàrin Èkó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Ẹni tí èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, a kò mọ̀ ọ́n mọ́ oyè, bẹ́ẹ̀ ni a kò mọ̀ ọ́n mọ́ ọrọ̀. Afala ni orúkọ rẹ̀. Òun ni ìyá tí ó bí Àjàyí, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther.

Ẹlòmíràn lè bi mí pé, kí ni ó kan Àgbádárìgì nínú ọ̀rọ̀ obìnrin Òṣogùn? Ẹ fi sùúrù gbọ́ mi. Ọ̀nà náà yóò gba iwájú ilé yín kọjá.

Nígbà tí Afala kú ní ọdún 1883, ẹni nǹkan bí ọdún 97 ni wọ́n kà á sí. Bí a bá ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn, a ó rí i pé ní nǹkan bí ọdún 1786 ni wọ́n bí i, nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ṣì wà ní ipò rẹ̀. Ìtàn tí a ń sọ so ìdílé rẹ̀ mọ́ ti Aláàfin Abíọ́dún. Ní Òṣogùn, ìlú kan tí kò jìnnà sí Iṣẹ́yìn, ni òun, ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbé, títí ogun fi dé bá wọn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 1821. Àjàyí fúnra rẹ̀ kọ ìtàn ọjọ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 1837. Ó ní àwọn obìnrin ń gbọ́ oúnjẹ òwúrọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ariwo ta pé ogun ti yí ìlú ká. Afala gbé ọmọ ọwọ́ rẹ̀, ó kó àwọn ọmọ yòókù sẹ́yìn, wọ́n sá wọ inú igbó. Níbẹ̀ ni ọwọ́ ti tẹ̀ wọ́n, tí a sì fi okùn so wọ́n lọ́rùn pọ̀ bí ẹran.

Ẹ̀yin ìjòyè, n kò gbọdọ̀ bo òtítọ́ mọ́lẹ̀ níwájú yín. Kì í ṣe òyìnbó ni ó kó Òṣogùn. Àwọn Ọ̀yọ́ ìmàle, àwọn Fúlàní, àti àwọn ẹrú tí ó sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn ni ó kó o. Púpọ̀ nínú wọn gbọ́ èdè tí Afala fi ń bẹ̀ wọ́n. Òyìnbó dúró ní etí òkun, àwa ni a ń kó ènìyàn wá bá a. Ìlú yìí pàápàá kò ṣe aláìmọ̀ ọ̀ràn náà: ẹ̀wọ̀n tí a fi ń de ènìyàn ṣì wà níhìn-ín tí àlejò ń wá wò, ọ̀nà tí ẹrú ń gbà kọjá lọ sí etí òkun ní Gberefu kò sì tíì parẹ́. Bí a bá ń fi ìtàn wa yangàn, kí a rántí apá ibi tí ó dùn wá pẹ̀lú.

Ní Iṣẹ́yìn ni a ti pín wọn bí ẹni pín ẹrù. Afala àti ọmọ ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ ẹni kan. Àjàyí àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Wọ́n tún pàdé ní ìlú kan tí à ń pè ní Dàda, ìyá àti ọmọ sì ń rí ara wọn fún oṣù mélòó kan, kí a tó tún mú ọmọ náà lọ ní àìdágbére. Láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni a tà á títí ó fi dé Èkó. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822 a kó o sínú ọkọ̀ Potogí. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Myrmidon gba àwọn ẹrú inú rẹ̀ sílẹ̀, a sì gbé wọn dé Sàró. Afala kò mọ èyíkéyìí nínú èyí. Ohun tí ó mọ̀ kò ju pé ọmọ òun ọkùnrin ti lọ, ẹni tí ó bá sì lọ báyìí kì í padà.

Kí ni obìnrin náà ṣe fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí ó tẹ̀ lé e? Kò jókòó ti ẹkún. Ó bọ́ nínú oko ẹrú. Gbọ́mọgbọ́mọ tún mú un lẹ́ẹ̀kejì, ó tún di ẹrú, títí àwọn ẹbí rẹ̀ fi rà á padà. Nínú gbogbo ìdààmú yìí ó ń ṣa ìdílé rẹ̀ jọ bí ẹni ń ṣa ẹ̀kúrọ́ tí ó dànù, lọ́kọ̀ọ̀kan, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 1846, àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin méjèèjì tí a kó pẹ̀lú rẹ̀ ní Òṣogùn wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Abaka, ìletò kan tí kò jìnnà sí Abẹ́òkúta, pẹ̀lú àwọn ọmọ tiwọn. Ẹ wo bí ogun ti ba gbogbo ilẹ̀ Ọ̀yọ́ jẹ́ ní àkókò náà, kí ẹ tó sọ fún mi pé iṣẹ́ kékeré ni.

Ibi tí Àgbádárìgì ti wọ inú ìtàn náà nìyí. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1845, Àjàyí gúnlẹ̀ sí èbúté yìí pẹ̀lú aya rẹ̀ Asano, àti àwọn òyìnbó Townsend àti Gollmer. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ. Ṣùgbọ́n ìròyìn dé bá wọn níhìn-ín pé Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá tí ó ń retí wọn, ti kú; ogun sì dí ọ̀nà. Oṣù méjìdínlógún gbáko ni wọ́n fi dúró ní ìlú yìí. Ní ọdún 1845 náà ni a parí ilé alájà tí ó wà létí ọ̀sà wa yìí, èyí tí a kà sí ilé alájà àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Nígbà tí ẹ bá tún kọjá níbẹ̀, ẹ rò ó pé ọmọ kan ń bẹ níhìn-ín tí ó gbà pé ìyá òun ti kú, ìyá kan sì ń bẹ ní Abaka tí ó gbà pé ọmọ òun kò sí mọ́. Ìrìn ọjọ́ díẹ̀ péré ni ó wà láàrin àwọn méjèèjì.

Ní ọjọ́ 27 oṣù keje ọdún 1846, wọ́n jáde kúrò ní Àgbádárìgì nínú ọ̀gbàrá òjò. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ wọ́n wọ Abẹ́òkúta. Ní ọjọ́ 21 oṣù náà, Afala tí ó ti gbọ́ ìròyìn dé láti wá ọmọ rẹ̀, arákùnrin Àjàyí kan sì bá a wá. Àjàyí kọ ọ́ sínú ìwé pé nígbà tí ìyá òun rí òun, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́. Wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú láìsọ̀rọ̀, omijé sì ń ṣàn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá arúgbó náà. Nígbà tí ó la ẹnu, àwọn orúkọ àgbélé tí ìyá àgbà fi ń pe Àjàyí ní kékeré ni ó fi pè é. Ìyá àgbà ti kú sí oko ẹrú, ṣùgbọ́n Afala ti pa àwọn orúkọ náà mọ́ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ẹ̀yin ará, wọ́n lè gba aṣọ, ilé àti òmìnira lọ́wọ́ ènìyàn. Wọn kò rí èyí gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Afala kò sáré gba ẹ̀sìn tí ọmọ rẹ̀ mú bọ̀. Ó tó ọdún kan ààbọ̀ kí ó tó ṣe ìrìbọmi, ní ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 1848. Ó wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí a rì bọmi ní Abẹ́òkúta, ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó sì sọ ọ́ ní Hannah, nítorí pé Hannah ni ìyá Samuel nínú Ìwé Mímọ́. Oníṣẹ̀ṣe, ìmàle àti onígbàgbọ́ ni ó jókòó níhìn-ín lónìí, n kò sì wá láti wàásù. Ohun tí mo fẹ́ kí a rí ni ọgbọ́n àgbà: ó yẹ nǹkan wò dáadáa kí ó tó fi ọwọ́ sí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ tí ó bí ni ó gbé e wá.

Ó tún gbé ayé ọdún márùndínlógójì lẹ́yìn èyí. Ó ṣojú rẹ̀ tí a fi ọmọ rẹ̀ jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ìjọ Áńgílíkà yóò fi sí ipò náà. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà ni Abigail, ọmọ Àjàyí, bí Herbert Macaulay ní Èkó, ẹni tí ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀ ní ọdún 1923 tí ó sì bá ìjọba òyìnbó wọ̀yá ìjà. Ọmọ ọmọ ọmọ Afala ni Macaulay. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni nígbà tí ìyá arúgbó náà kú ní Èkó ní ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 1883. Obìnrin tí a so okùn mọ́ lọ́rùn ní Òṣogùn kò kú kí ó tó rí ìran kẹta rẹ̀ kí ó dàgbà ní òmìnira.

Ẹnìkan lè sọ pé, òótọ́ ni pé ó ṣe ti ẹbí. Èwo wá ni ti ìlú? Mo dáhùn báyìí. Ní ọdún 1843 ni Àjàyí tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Ní ọdún 1884, ọdún kan péré lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀, a parí títẹ Bíbélì ní èdè Yorùbá, iṣẹ́ tí òun ṣe olórí rẹ̀. Èdè tí à ń kọ lónìí, tí ọmọ Ìjẹ̀bú, ọmọ Èkìtì àti ọmọ Èkó jọ ń kà, orí èdè Ọ̀yọ́ tí Àjàyí mọ̀ ni a gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ kà. Níbo ni ó ti kọ́ ọ? Kò sí ilé ẹ̀kọ́ ní Òṣogùn. Ẹ̀yìn ìyá ni ó ti kọ́ ọ, àti ìdí ààrò, àti ẹnu ìyá àgbà. Olúkúlùkù wa tí ó bá ṣí ìwé Yorùbá, ogún Afala ni ó ń jẹ.

Kí n má sì gbàgbé Asano, aya Àjàyí, tí òun náà bọ́ lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú, tí ó di olùkọ́ ní Sàró, tí ó sì bá ọkọ rẹ̀ farada oṣù méjìdínlógún ní èbúté yìí. Bí a bá sọ̀rọ̀ ilé alájà náà, orúkọ àwọn ọkùnrin nìkan ni a ń dá. Odò kì í ṣàn kí ó gbàgbé ìsun rẹ̀. Àwa ń ṣàn, a sì ti fẹ́ gbàgbé.

Nítorí náà ni mo ṣe gbé àbá kan wá. Díẹ̀ tí a mọ̀ nípa Afala, nítorí pé ọmọ rẹ̀ mọ̀wé ni. Ìyá mélòó ni ó wà ní agbo ilé yín tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ọmọ Ògù àti ọmọ Yorùbá, tí ó ti tọ́ ọmọ ọlọ́mọ, tí ó ti parí ìjà àdúgbò, tí ó ti gbẹ̀bí fún ìdajì ìlú, tí a kò kọ ìlà kan sílẹ̀ nípa rẹ̀? Òkú rẹ̀ ni a ó fi màlúù ṣe. Orúkọ rẹ̀ ni a kò ní mọ̀ ní ogójì ọdún òní. Mo bẹ ẹgbẹ́ yìí kí ó ya ìwé kan sọ́tọ̀. Kí ìdílé kọ̀ọ̀kan mú orúkọ ìyá rẹ̀ tí ó dàgbà jù lọ wá, ibi tí a bí i sí, oríkì rẹ̀, òwò tí ó ṣe, àwọn tí ó tọ́, àti ohun tí ojú rẹ̀ rí. Kí a kọ ọ́ nígbà tí ó ṣì lè tún un ṣe fún wa bí a bá ṣì í kọ. Kí ẹ̀yin ìjòyè sì kọ́kọ́ ṣe é, kí àwa ará ìlú lè tẹ̀ lé yín.

Òrìṣà bí ìyá kò sí. Gbogbo wa ni a máa ń sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó bá sọ ọ́ láti òní lọ lè pe orúkọ ìyá ìyá rẹ̀.

 Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí àwọn ìyá wa sí, kí a lè gbọ́ ìtàn wọn lẹ́nu wọn. Àṣẹ.