Agbẹ́jọ́ Ẹnìkan Dá: Ọ̀rọ̀ lórí Ogun Iraq

Àwa tí a ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ni ẹ ní kí a sọ̀rọ̀ lórí ìjọba àti ìwé ìròyìn. Ogun Iraq ti ọdún 2003 ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ó ṣojú wa, owó orí wa sì wà nínú owó tí wọ́n fi jà á.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsán-án ọdún 2002, ìjọba Tony Blair tẹ ìwé kan jáde. Wọ́n ní Saddam Hussein, olórí Iraq, ní ohun ìjà olóró, ó sì lè fi díẹ̀ nínú wọn jà láàrin ìṣẹ́jú 45. Wọn kò ṣe àlàyé níbẹ̀ pé ohun ìjà ojú ogun, èyí tí kì í lọ jìnnà, ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Àwọn ìwé ìròyìn kan gbé ìṣẹ́jú 45 yìí sí ojú ewé àkọ́kọ́ gàdàgbà, ẹ̀rù sì ba àwọn ènìyàn.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ará ìlú kò gbà. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejì ọdún 2003, wọ́n tú jáde sí ìgboro Lọ́ńdọ̀nù láti tako ogun náà. Iye tí àwọn ọlọ́pàá fúnra wọn pè wọ́n tó 750,000. Àwọn kan nínú wa wà níbẹ̀. Robin Cook, ọ̀kan nínú àwọn mínísítà, fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta. Ní ọjọ́ kejì, àwọn aṣòfin 412 fọwọ́ sí ogun, 149 sì kọ̀. Ogun bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 20.

Wọ́n wá ohun ìjà olóró náà títí, wọn kò rí i. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2004, ìwé ìròyìn New York Times ní Amẹ́ríkà jẹ́wọ́ fún àwọn òǹkàwé rẹ̀ pé òun kò yẹ ọ̀rọ̀ wò tó kí òun tó tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀. Òkú ti sùn. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì 179 ni ó kú ní Iraq, àwọn ará Iraq tí ó kú sì ju èyí lọ fíìfíì. Ọdún 2016 ni ìgbìmọ̀ Sir John Chilcot tó sọ pé wọn kò tíì gbìyànjú gbogbo ọ̀nà àlàáfíà tán kí wọ́n tó gbé ogun dìde. Ọdún 13 ti kọjá nígbà náà. Ohun tí ó ń dùn wá nìyí.

A kò ní sọ pé gbogbo oníròyìn ni ó jẹ̀bi. Ìwé ìròyìn Daily Mirror tako ogun náà. Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìwé ìròyìn tí ó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu olórí láìbéèrè ẹ̀rí ti di akéde ààfin.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ìlú tiwa náà ní aládùúgbò, a sì ní ààlà ilẹ̀. Bí ìwé ìròyìn, tàbí rédíò, tàbí ọ̀rọ̀ orí fóònù bá sọ lọ́la pé àwọn aládùúgbò wa ń pọ́n àdá dè wá, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè ẹni tí ó rí i. Kí a rán àgbà sí wọn, kí a gbọ́ tẹnu wọn. Kí ẹni tí ó bá ń kígbe pé kí a jà sì kọ́kọ́ fi ọmọ tirẹ̀ hàn wá nínú àwọn tí yóò lọ.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a fi ọmọ wa san gbèsè irọ́.